Ọ̀gá Ni Kó Kọ́kọ́ Ṣí Tirẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìtàn yìí dání, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yọjú kà á láti èjìká yín, ẹ sún díẹ̀. Kì í ṣe pé ohun tí mo fẹ́ sọ burú, àmọ́ ohun tí ènìyàn ń kà, ó yẹ kó lè dá a kà. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá kan ti ṣubú, ìṣubú náà sì dùn ún wò débi pé mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbàkigbà tí mo bá rántí ẹ̀, kí n tó tún rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mò ń sọ ọ́, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe. Ẹ má tíì bẹ̀rù mi. Ojú ìwé tí wọ́n ti ń kí ènìyàn kú ọjọ́ ìbí, tí wọ́n sì ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ni wọ́n fi mí sí. Èmi ni mò ń pinnu bóyá ká kọ "ẹ kú oríire" tàbí "ẹ kú oríire púpọ̀," mo sì máa ń gbé àpò kọ́ èjìká bí ẹni tí gbogbo ayé ń dúró dè. Nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, mo fojú ara mi rí díẹ̀, wọ́n sọ díẹ̀ fún mi, èyí tó kù, mo mọ̀ ọ́n bí gbogbo asọ̀tàn ṣe máa ń mọ nǹkan.

Ọ̀gá tí mò ń wí ni Olùdarí Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Ọ̀rọ̀ Gbígbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá bó èèpo orúkọ yẹn kúrò, kò ju kó máa bá ìjọba kéde pé omi ò ní yọ lọ́la, tàbí pé wọ́n ti dí ọ̀nà báyìí. Ṣùgbọ́n ó mú iṣẹ́ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i bíi bọ́ọ̀lù, ó sì gun orí rẹ̀ jókòó. Àwa ará ìlú ń pè é ní Ìṣípayá, torí kò lè la ẹnu kó má sọ pé òun fẹ́ ṣí nǹkan kan payá.

Ọ́fíìsì rẹ̀ ní òfin kan tí ẹ ò ní rí níbòmíràn. Òfin Ìṣáájú ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni gbọdọ̀ lò nínú ilé náà kí ọ̀gá tó kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí wọ́n ṣe lífítì tuntun, ọ̀gá wà lẹ́nu ìrìn àjò. Lífítì dúró síbẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ènìyàn wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláboyún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ sórí àtẹ̀gùn yẹn. Nígbà tí ọ̀gá padà dé, ó gun lífítì náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dáa, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìgbà yẹn ni lífítì tó di ohun tí ọmọ ènìyàn lè wọ̀.

Ẹni tó ń ṣọ́ òfin yìí ni Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń tẹríba tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ọ̀gá bá wọlé láàárọ̀, tó húkọ́, Akọ̀wé á ní, "Ẹ kú ikọ́ ọgbọ́n, sà."

"Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ikọ́ yẹn nítumọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fáwọn tó wà nísàlẹ̀."

Mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ọ̀gá mi kó tó sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn wa lọ.

Fọ́tò Ìṣípayá wà lára ògiri gbogbo ilé ìjọba, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n kọ́ wọ́ọ̀dù tuntun fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé nílé ìwòsàn ìjọba, òun náà ló lọ ṣí i. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù síbẹ̀. Ó ní wọ́ọ̀dù náà ò ní ẹlẹgbẹ́ lábẹ́ ọ̀run. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́, a pàtẹ́wọ́, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún yẹn ló tú àṣírí. Ìwé ìròyìn wa gbé àwòrán kan sójú ewé àkọ́kọ́. Inú wọ́ọ̀dù náà ni. Òrùlé ń jò bí ajere, omi kún ilẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì dúró, oníkálukú na agboòrùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ibì kan ṣoṣo ló gbẹ nínú gbogbo yàrá náà. Ibẹ̀ ni fọ́tò Ìṣípayá wà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì kan ló ya àwòrán náà. Àǹtí Olóòtú, obìnrin tó dá ìwé ìròyìn wa sílẹ̀, ló mọ̀ ọ́n, èmi náà sì mọ̀ ọ́n torí pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe aláriwo rárá. Ó ní ọmọ méjì, ó sì ní ìyá kan tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó bi Àǹtí léèrè pé bí wọ́n bá mọ òun ńkọ́. Àǹtí ò parọ́ fún un. Ó ní iṣẹ́ á lọ, ẹ̀wọ̀n á dé. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù obìnrin náà, ó fi áàpù kan sí i tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ kàn pè é ní lẹ́tà inú àpòòwé," Àǹtí sọ fún un. "Tẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, á dàrú lójú ọ̀nà, kò ní ṣe é kà. Ẹni tó bá dá a dúró lọ́nà ò lè kà á. Ìjọba ò lè kà á. Àwọn tó ṣe áàpù náà gan-an ò lè kà á. Fóònù mi nìkan ló lè tò ó padà."

"Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, mà," nọ́ọ̀sì náà wí. "Ọwọ́ ló ń ro mí. Mi ò lè máa fi ọwọ́ kan tọ́jú ọmọ, kí n máa fi ọwọ́ kejì na agboòrùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ńlá kan dá a lóhùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti ba ẹnu mi jẹ́, "ẹ kú oríire" ló bọ́ jáde. Àǹtí Olóòtú wò mí títí mo fi jáde síta.

Nígbà tí àwòrán náà délẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ lórí pípé á rò pé òrùlé ni Ìṣípayá máa kọ́kọ́ béèrè. Rárá o. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì yẹn.

"Ta ló ya fọ́tò fọ́tò mi láìgbàṣẹ?" ló bi Akọ̀wé.

"Sà, Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. A ò lè rí ìdí ẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́! Nínú ìlú tí mo fẹnu ara mi ṣí payá? Ta ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn mọ́?"

Akọ̀wé mọ ẹni tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn mọ́, ó sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ó tẹríba.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Olóòtú. Èmi ni mo bá a gbé báàgì. Mo sọ fún ìyàwó mi kí n tó jáde pé mò ń lọ dojú kọ ìjọba. Nígbà tá a débẹ̀, ẹ̀yìn àga Àǹtí ni mo ti dojú kọ ọ́.

"Ìwọ obìnrin tó ń fi bébà dí ojú oòrùn!" Ìṣípayá bú sí i. "Ìwọ tó ń fi àwọ̀n wá ẹ̀fúùfù! Dárúkọ ẹni tó fún ẹ ní àwòrán yìí, kí ìlú lè sinmi!"

"Sà, bí mo bá dárúkọ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí, ta ló máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ́la?" Àǹtí dáhùn. "Ẹni tó bá rí i pé ilé fẹ́ wó á kàn panu mọ́ ni, ilé á sì wó pa wá. Bó bá wó, kò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lọ̀gá."

"Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe?"

"Ṣé ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ yín ní kọ́kọ́rọ́, sà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fáànù òkè bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹlòmíràn nípò Ìṣípayá á ti rẹ́rìn-ín, á sì jẹ́ kọ́rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í rọrùn fún ẹni tó bá ti fẹ́ra bíi bọ́ọ̀lù láti tẹ̀.

"Akọ̀wé!" ó pariwo. "Ẹ lọ yọ ọ́! Ẹ yọ gbogbo wọn!"

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ìyàgbẹ́ inú ilé ìjọba náà. Kò wá sí bí ẹni tó wọlé ṣe máa jẹ́ káwọn tó wà níta mọ̀ àfi kó máa kọrin. Nípa agbára Òfin Ìṣáájú, ọ̀gá ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Orin ìsìn ló yàn, ohùn rẹ̀ ò sì dáa. Láti ọjọ́ yẹn, àlejò tó bá jókòó sí yàrá ìdúró á máa gbọ́ orin láti òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n á ní ìjọba yìí mà mọ Ọlọ́run o.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òfin jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo Kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ìjọba ti ra ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n sọ lórúkọ Ẹ̀rọ Ìṣípayá, gbogbo fóònù ni wọ́n máa so mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti ṣí fóònù, tí wọ́n so ó, ẹ̀rọ náà á da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, ti àtijọ́ àti tuntun, á sì gbé e sójú ògiri fún gbogbo èrò láti kà. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i níwájú Mínísítà, ọ̀gá tó ga ju Ìṣípayá lọ. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú fóònù mi rẹ́. Níbi tí mo ti ń kánjú, mo pa fọ́tò ìgbéyàwó wa rẹ́ mọ́ ọn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ìjọba fẹ́ ka ọ̀rọ̀ mi."

Ó gba fóònù, ó wo ohun tó kù níbẹ̀. "'Ra iyọ̀ bọ̀.' 'Mo ti ra iyọ̀.' 'Iyọ̀ kọ́ nìyí.'" Ó dá a padà fún mi. "Ta ló fẹ́ ka tìẹ? Èmi tó ò ń kọ ọ́ sí gan-an, mi ò kì í kà á tán."

Síbẹ̀, mo ki fóònù náà bọ inú garawa ìrẹsì, mo fi ìdérí dé e. Nígbà tí aládùúgbò wa kan wá kí wa, ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó ń gbọ̀n rìrì, gbogbo wa sì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí ìrẹsì ilé tirẹ̀ náà máa ń dún.

Mo rẹ́rìn-ín ara mi nígbà náà, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, àwọn ọlọ́pàá dúró sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, wọ́n gba fóònù gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì wa wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

"Wọ́n ti gbà á, mà."

"Ṣé ẹ ṣí i fún wọn?" Àǹtí bi í.

"Wọ́n ní ẹni tí ò bá ṣí tiẹ̀, òun náà ni. Kí ni kí n ti ṣe?"

Àǹtí Olóòtú jókòó. "Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́nà, Kọ́kọ́rọ́ lè bò ó," ó wí nígbà tó yá. "Fóònù tí wọ́n ti fipá ṣí, kò sí ohun tó lè bò ó. Èmi ni mo kó ẹ sí i, ọmọ mi. Dárí jì mí."

"Ẹ̀yin kọ́. Òrùlé ló kó mi sí i." Ó nu ojú rẹ̀. "Màá lọ síbi tí wọ́n pè wá. Tí mi ò bá lọ, wọ́n á ti mọ̀. Ìyá mi ò sì lè dá nìkan wà."

Àǹtí gbà láti máa tọ́jú ìyá náà àti àwọn ọmọ bó bá di pé wọ́n mú un.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ará ilé ìwòsàn jókòó síwájú nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, nọ́ọ̀sì wa wà láàárín wọn, ó fọwọ́ méjèèjì di àga mú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba fóònù ẹni gbogbo tó bá ń wọlé. Wọ́n gba ti Mínísítà náà. Akọ̀wé fi ọwọ́ méjì gbà á, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun ṣí i, ẹ̀rọ náà máa fi orúkọ wọn kí wọn káàbọ̀ lójú ògiri. Mínísítà fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ púpọ̀, ó ṣí i, ó sì lọ jókòó sórí àga tìmùtìmù kan níwájú, kò pẹ́ tó fi sùn lọ.

Ìṣípayá bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ènìyàn tó ní etí," ó bẹ̀rẹ̀, "tí etí yín ní ihò, tí ihò náà sì là sílẹ̀ gedegbe! Lónìí ni mo pe òkùnkùn lẹ́jọ́. Mo ní, 'Òkùnkùn, ta ló bí ọ?' Òkùnkùn ò fèsì! Mo ní, 'Àṣírí, níbo lò ń sùn?' Àṣírí ń gbọ̀n! Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ kankan ò ní kọjá nílùú yìí kó má kí mi!"

Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè, a pàtẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, a dákẹ́. Èmi ò tètè dákẹ́, mo dá nìkan pàtẹ́wọ́ díẹ̀ sí i, àwọn ènìyàn sì bojú wò mí.

"Ó tó!" Ìṣípayá wí. "Ẹ gbé ti àwọn ará ilé ìwòsàn sójú ògiri!"

Mo rí ẹ̀yìn ọrùn nọ́ọ̀sì wa. Ó tẹ orí ba. Nígbà náà ni Akọ̀wé sáré gun orí pèpéle, ojú rẹ̀ ti yí padà bí ẹni tó rí iná lórí òrùlé. Ó fẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló lọ sọ ọ́ sí.

"Sà! Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ tuntun ni! Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọjá nínú ẹ̀ ṣáájú yín? Òfin Ìṣáájú ńkọ́? Mo ti fi tiyín ṣe nọ́ńbà kìn-ín-ní láti àárọ̀."

"Fóònù mi?"

"Èmi fúnra mi ni mo ṣí i, mo sì so ó mọ́ ọn, sà. Mo fi aṣọ funfun wé e kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ó ṣì lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn ti gbọ́, ẹnì kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀!" Ẹni tó pariwo náà, èmi ni. Ẹ má wulẹ̀ pè mí ní akọni. Ìyìn ni mo fẹ́ yìn ín, kó má baà rántí pé èmi ni mo bá Àǹtí Olóòtú gbé báàgì. Àwọn tó jókòó tì mí rò pé ètò ni, wọ́n gbà á lẹ́nu mi, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń pàtẹ́wọ́ sí i: "Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀! Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀!"

Ìyìn kì í sú Ìṣípayá. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín. Ó gbà pé ẹ̀rọ tóun fúnra òun rà ò lè tú òun, bí ajá ò ṣe ní gbó olówó rẹ̀. Ó gbà pé ẹ̀rọ náà á kí òun, á sì kọjá sórí àwọn ènìyàn yẹpẹrẹ.

"Èmi ni mo máa ń fàpẹẹrẹ lélẹ̀," ó wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde sójú ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó orí ènìyàn: *Sí ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ èyí jáde. Opó ni mí, mi ò ní baba, mi ò ní ọkọ, ṣùgbọ́n mo ní Olùdarí Àgbà. Bí wọ́n bá húkọ́, ara mi á yá. Èmi ni, Opó Tó Moore.*

Mo mọ lẹ́tà yìí. Ojú ìwé tèmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Mo ti sunkún lórí ẹ̀. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kó wo bí opó yẹn ṣe ń kọ̀wé, mo ti ń rántí opó náà nínú àdúrà mi. Opó mi ló dúró lórí pèpéle yẹn, ó ní irùngbọ̀n.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ kejì jáde. Mátíróònù ilé ìwòsàn ló kọ ọ́ sí i: *Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òrùlé ń jò sórí àwọn ọmọ. Ibi tí fọ́tò yín wà nìkan ló gbẹ. Ṣé ká gbé bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ síbẹ̀?* Lábẹ́ rẹ̀ ni èsì ọ̀gá wà: *Rárá. Bẹ́ẹ̀dì á dí fọ́tò. Ẹ wá agboòrùn.*

Ẹ̀rín dúró. Obìnrin kan láàárín àwọn ará ilé ìwòsàn dìde, ó wo Ìṣípayá, kò sì jókòó padà. Èmi náà wò ó, inú bí mi débi tí mo fi gbàgbé láti bẹ̀rù.

"Ẹ pa á!" Ìṣípayá kígbe. "Ẹ pa á! Ọ̀rọ̀ àdáni ni! Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹnì kejì mi ni!"

Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ò mọ ibi tí wọ́n á tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹta jáde: *Akọ̀wé, Mínísítà ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ. Wá àga tó rọ̀ fún un. Oorun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nínú ìjọba yìí.*

Mínísítà ń hanrun nígbà náà. Ẹ̀rín tó bú jáde ló jí i. Ó la ojú, ó rí orúkọ ipò rẹ̀ lójú ògiri, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ó rò pé ìkíni náà ti dé. Lẹ́yìn náà ló kà á. Ó tún un kà.

Akọ̀wé nìkan ni kò rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Àtìgbà tí wọ́n ti tẹ ẹ̀rọ ló ti tẹríba fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá, kò sì tíì gbé ojú sókè. Ó gbọ́ ariwo, ó rò pé ìyìn ni, ló bá fi gbogbo ohùn rẹ̀ kéde bí wọ́n ṣe tò ó: "Ti nọ́ńbà kìn-ín-ní parí! Ó kan nọ́ńbà kejì, Ọlọ́lá Mínísítà!"

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ pé ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀ lè fò. Mínísítà fi àga tìmùtìmù sílẹ̀, ó gun orí pèpéle lẹ́ẹ̀kan náà, ó já wáyà ẹ̀rọ náà tu lára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú ògiri ṣú. Ó dúró síbẹ̀, wáyà lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹ, ó sì sọ̀rọ̀ tó dáa jù tí mo gbọ́ lẹ́nu aláṣẹ rí.

"Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ènìyàn bá bá ọmọ ènìyàn sọ, tiwọn ni!" ó wí. "Ta ni ìjọba tó fi ń yọjú sí i? Ẹ̀tọ́ ni! Kí ènìyàn lè sọ tinú ẹ̀ láìwẹ̀yìn, ẹ̀tọ́ ni! Ẹ dá fóònù àwọn ènìyàn padà fún wọn! Ẹ kọ́kọ́ dá tèmi!"

Akọ̀wé gbàgbé láti gbé ọwọ́ sókè. Àwa la pàtẹ́wọ́ fúnra wa. A mọ̀ pé fóònù tirẹ̀ ló ń jà fún, kì í ṣe tiwa, àmọ́ ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi ẹni tó na igi sí i léèrè ìdí tó fi nà án. Nọ́ọ̀sì wa gba fóònù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo èrò ṣe ń jáde, ó tì í bọ àyà, ó sì rìn lọ sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ lé e díẹ̀ lókèèrè títí ó fi wọ ọkọ̀, torí ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Wọ́n lé Ìṣípayá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mínísítà pàṣẹ pé kí gbogbo aláṣẹ máa lo Kọ́kọ́rọ́, ó sì gbàgbé láti sọ pé kí àwa má lò ó. Akọ̀wé ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tuntun kì í húkọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń sín, wọ́n sì ní sísín rẹ̀ nítumọ̀. Wọ́n sọ fọ́tò kalẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ síbi tó gbẹ. Òrùlé ṣì ń jò.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn ló gbé nọ́ọ̀sì wa padà wá sí ọ́fíìsì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de Àǹtí Olóòtú tó ń bá àwọn atẹ̀wé fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan wọlé, fìlà bò ó lójú. Ìgbà tó húkọ́ ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ìṣípayá wẹ̀yìn, ó wo fèrèsé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí kò síbòmíràn. Ó ti rù. Mo retí pé kí inú mi dùn, kò dùn.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa Mínísítà," ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́. "Ohun tó yẹ kí ìlú gbọ́ ni. Àmọ́ bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́, mo gbé. Mo ní ìdílé. Ẹ jọ̀ọ́, Kọ́kọ́rọ́ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?"

Mo wo Àǹtí Olóòtú. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì náà wo ọkùnrin yìí pẹ́ díẹ̀, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́.

"Ẹ mú un wá, bàbá."

Ó fi áàpù náà sí i fún un, ó sì ń fi ìka hàn án níkọ̀ọ̀kan. Ìṣípayá tẹ orí sún mọ́ ọn bí ọmọ ilé ìwé.

"Ṣé kò ní sẹ́ni tó máa rí i?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ìjọba ńkọ́?"

"Ìjọba náà ò ní rí i. Ẹ sáà má jẹ́ kí wọ́n fipá gba fóònù yín ní ṣíṣí."

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi," ó wí nígbẹ̀yìn. "Kí lorúkọ ẹ?"

Àǹtí Olóòtú wò mí. Mo wo òkè.

"Ẹ ò nílò orúkọ mi, bàbá," nọ́ọ̀sì náà dáhùn. "Ibí yìí ni kí ẹ tẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́.